Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Lórí Ìkòkò

Bí ọmọ mi obìnrin bá ń dúró de oúnjẹ, ó máa ń di ìkúùkù ọwọ́ òsì rẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìhà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn kan kó má baà ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Èmi kì í ṣe é, ìyá rẹ̀ kì í ṣe é, mi ò sì rí ọmọ mìíràn ní gbogbo Johannesburg yìí tó ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń dúró bẹ́ẹ̀ de oúnjẹ, ẹni náà sì ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìwó láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Kí n tó lọ jìnnà, èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba ìtàn iwin gbọ́. Ojú ni mò ń yẹ̀ wò. Mo ní yàrá kékeré kan nínú ilé ìtajà ńlá ní Sandton, níbi tí mo ti máa ń tan iná sínú ojú àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, tí màá ní kí wọ́n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, tí wọ́n á sì máa pa irọ́ fún mi nípa èyí tí wọn ò rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe é. Iṣẹ́ yẹn ò jẹ́ kí n ní sùúrù fún ẹni tó bá ní òun rí ohun tí kò sí. Ìyàwó mi ní ìgbéraga ni. Bóyá òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá mi kọ́kọ́ rí ìkúùkù náà, lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Mo gbé fóònù náà ti ife tíì lórí tábìlì, ìyá mi ń ròyìn òrùlé ilé wa tó ń jò, ìyàwó mi ń bu ìrẹsì lẹ́yìn mi, ọmọ wa sì dúró tì í. Ìyá mi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àmọ́ mò ń rí i tó ń ṣẹ́jú.

“Ní kó yọ ọwọ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀,” ó ní.

“Ọwọ́ wo, Màmá?”

Ó pa fóònù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní South Africa, obìnrin tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án bẹ̀, tó ń sọ fún mi pé òun ò lè kú sínú òtútù.

Mo ní àbúrò obìnrin kan rí. Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mi ò sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Nílé wa, ọmọ tó bá kú ṣáájú òbí, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n á kó aṣọ rẹ̀ jáde, bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ní fojú kan ibi tí wọ́n sin ín sí, ẹni tó bá sì wọ ilé náà lẹ́yìn ọdún kan kò ní mọ̀ pé ọmọ kankan gbé ibẹ̀ rí. Àánú ni wọ́n pè é. Bí mo ṣe wá ń dàgbà ni mo rí i pé ó tún rọrùn fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ gbàgbé.

Inú àwo kan náà ni èmi àti àbúrò mi ti ń jẹun. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Èmi á bu òkèlè mẹ́rin, á sú mi, màá sì gbéra lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òun á jẹ tirẹ̀, á jẹ tèmi, á fi ìka nu àwo, á sì tún kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. “Ebi ń pa mí,” á ní, pẹ̀lú ìkúùkù lábẹ́ ìhà, nígbà tí omi tó fi ṣan ọwọ́ ò tíì gbẹ. Ó sanra, ó sì ń sanra sí i. Wọ̀bìà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Nígbà tó pẹ́, ó ń jẹ́ ẹ bí orúkọ.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé, ó bi mí pé, “Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ẹ ti yó?” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo sáré wọlé lọ sọ ọ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò bàbá mi náà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí ẹnì kan dá òun lóhùn.

Ìyá mi ló dá ọgbọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀. Bó bá se ọbẹ̀ tán, á bo ìkòkò, á fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀, á gbé e lé orí ọmọrí. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé, ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín á sì wọ abẹ́ ibi tí a fi ń gbá ọmọrí mú. Ẹni tó bá ṣí ìkòkò á dá a padà bó ṣe rò pé ó wà, a ó sì mọ̀. Èmi àti ìyá mi nìkan la mọ bó ṣe yẹ kó wà, èmi sì ni olùṣọ́. Àìmọye ìgbà ni a fi mú àbúrò mi.

Ọjọ́ kan wá dé tí ẹran méjì dín, tí ẹyọ ìgbálẹ̀ sì wà ní ibi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Ìyá mi pè mí, ó ní ta ni mo rí nídìí ìkòkò. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Pápá ni mo wà láti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi olùṣọ́ ni wọ́n máa nà. Mo ní mo rí i. Àbúrò mi ní òun kọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, kò sunkún. Bàbá mi ní bí ọmọ bá ti lè mọ àṣírí ìgbálẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá tilé. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n mú un lọ fún obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń kó ọmọ tó le lọ́wọ́ lọ fún.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ó wálé fún ọdún iléyá. Ó ti gbẹ. Gbogbo àdúgbò ń yìn ín, wọ́n ń ní ẹ wo bó ṣe wá lẹ́wà. Ibà mú un lọ́jọ́ kẹta ọdún, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, ó kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn létí mi ni pé ebi ń pa òun, ìyá mi sì dá a lóhùn pé kó sùn.

Ohun tí mo gbé sínú nìyẹn nígbà tí ilé-ìwé kọ̀wé sí wa pé ìwọ̀n ọmọ wa ń yára lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà àwọn ọmọdé tí wọ́n darí wa sí jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wọn ọmọ náà, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó wá jókòó sórí àga ọmọdé kan kí ojú wọn lè dọ́gba, ó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe máa ń mọ̀ pé òun ti yó.

“When the plate is empty,” ọmọ mi ní.

“And if there is still food on it?”

Ọmọ mi wò ó lójú. Ìbéèrè náà ò yé e rárá.

Nígbà tí ọmọ náà ti lọ síbi àwọn ohun ìṣeré, dókítà ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ikùn wọn kì í tètè ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó ti tó, tí òórùn oúnjẹ sì ń pè wọ́n ju bó ṣe ń pe ọmọ mìíràn lọ. Apá kan nínú rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, bíi gíga tàbí àwọ̀ ojú, ó sì lè fo bàbá kọjá kó hàn lára àbúrò bàbá, kó tún padà sára ọmọ. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, ohun kéékèèké púpọ̀ ló ń para pọ̀. Kì í sì ṣe àyànmọ́, nítorí ohun tí à ń sè, bí a ṣe ń bù ú, ohun tí à ń sọ nídìí oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ló ní ipa tirẹ̀. Ó ní kí a má fún un lórúkọ kankan torí oúnjẹ. Ó ní kí a má sì ṣọ́ ìkòkò, nítorí ọmọ tí wọ́n bá ń ṣọ́ oúnjẹ mọ́, oúnjẹ náà ni yóò máa rò ṣáá.

Ó wá béèrè nípa ẹbí wa, bóyá ọmọdé kan wà tó rí báyìí. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ronú dáadáa, ó dárúkọ àǹtí rẹ̀ kan. Dókítà yíjú sí mi. Kálámù rẹ̀ wà lórí ìwé.

“Kò sí,” ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi mọ̀ pé ohun kan yí padà nínú ohùn mi, ó sì bi mí nínú ọkọ̀. Mo ní ó rẹ̀ mí.

Ìyá mi dé nínú oṣù kẹfà, nígbà òtútù. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọmọ mi sáré pàdé rẹ̀, ìyá mi sì fi ọwọ́ dá a dúró díẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ fún un, orókún kan péré, níwájú àwọn tó ń ti ẹrù kọjá.

“Ẹ kú ilé o,” ó ní fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré tí àwọn ìyá àgbà máa ń bá ọmọ ọmọ wọn ṣe ni. Ọmọ mi ní, “Hi, Grandma.” Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpótí ìyá mi, mo sì lọ síwájú.

Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ọmọ náà ń sanra sí i. A ti dín ṣúgà kù, a ti yí àwo padà sí kékeré, ìyàwó mi ń ṣe gbogbo ohun tí dókítà ní kí a ṣe. Ìwọ̀n ṣáà ń gòkè. Mo lọ sí ilé ìtajà kan ní Rockey Street, níbi tí a ti ń ra ẹ̀lùbọ́, mo ra ìgbálẹ̀ kan, mo tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì. Dókítà ti ní kí a má ṣọ́ ìkòkò. Mo gbọ́ ọ yékéyéké, ọwọ́ mi ṣì ṣe ohun tó mọ̀.

Àràárọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti kúrò nídìí tíì, màá ka ẹran inú ìkòkò, màá bò ó, màá gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé e lórí, ìdí sí fèrèsé, ẹnu sábẹ́ ibi tí a fi ń gbá ọmọrí mú. Màá wá wọ taxi àti rélùwéè lọ sí Sandton láti lọ sọ fún àwọn ènìyàn ohun tí ojú wọn rí. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, nítorí ojú ń tì mí. Mi ò sì sọ fún ìyá mi, nítorí mi ò fẹ́ kí ó rí ìgbálẹ̀ lórí ìkòkò mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹran mọ́kànlá ti di mẹ́sàn-án. Ẹyọ ìgbálẹ̀ wà bí mo ṣe gbé e sí. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo dúró níwájú ìkòkò náà nínú aṣọ òtútù mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kẹrin mo dán ohun kan wò. Mo yí i padà, mo kọjú ìdí rẹ̀ sí ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹran méjì dín, ẹyọ ìgbálẹ̀ náà sì ti yí, ìdí rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Ẹnì kan ti tún un ṣe fún mi. Ọmọ mi jókòó nídìí tábìlì, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ó gbójú sókè wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tí mò ń wò. Mo mọ̀ pé ó kéré jù láti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àṣírí yẹn yàtọ̀ sí èmi àti ìyá mi, bí bàbá mi ṣe wí, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nílé.

Ó yẹ kí n ti fura sí ìyá mi. Ṣùgbọ́n orókún ń dun ìyá mi, ó máa ń sùn lọ́sàn-án, òun ló sì fi ọ̀pá kọ́ mi pé ẹnikẹ́ni kì í ṣí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù ti bà mí kọjá kí n ronú. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè wo ọmọ mi lójú tó bá ń jẹun. Mo ń gbé àga mi sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó sì rí i. Ohun tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé ó rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún akọ̀wé mi pé orí ń fọ́ mi, mo sì gba ilé lọ ní aago méjì kọjá. Wọ́n ti mú iná lọ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo robot, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń darí ọkọ̀ níbí, ló kú, àwọn ọkọ̀ ń fún ara wọn láyè bó ṣe wù wọ́n.

“Eish, no robots again,” ni awakọ̀ taxi ń sọ, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa náà kú. Mo fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta nínú òkùnkùn ọ̀sán, mo ń fọwọ́ tọ ògiri. Ilẹ̀kùn wa ò tì. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti ilé ìdáná, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ń rẹ ọmọ jòjòló.

“Jẹ ẹ́. Mi ò ní ṣọ́ ọ mọ́. Ìwọ kọ́ lo jẹ ẹ́ lọ́jọ́sí, mo ti mọ̀.”

Ó wá pe orúkọ kan. Orúkọ àbúrò mi ni, odindi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

“Mà,” ni ọmọ mi dáhùn.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé ilé ìdáná wa kọjú sí ògiri ilé kejì, ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ọmọ mi jókòó sórí àga nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, ìkúùkù òsì wà lábẹ́ ìhà. Ìyá mi wà lórí eékún méjèèjì lórí ilẹ̀ táìlì tó tutù, ó gbé àwo lọ́wọ́ fún un. Ẹyọ ìgbálẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ń dúró kí wọ́n dá a padà.

“Grandma, I don't want again,” ọmọ mi ní, nígbà tó yá ó sọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá mi ti ń kọ́ ọ: “Inú ń run mí.”

“Díẹ̀ sí i,” ìyá mi ní. “O ò jẹ tó nígbà yẹn.”

Mo pariwo mọ́ ìyá mi. Mi ò ṣe é rí láyé mi. Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ dà sí mi lápá. Mo ní ṣé ó fẹ́ pa ọmọ mi ni. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó ní kí n má bínú, kí n má bínú, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Mo ní kó lọ sí yàrá rẹ̀. Ìyá mi ò dìde. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, lórí eékún, ó ń wo ìkòkò.

“Bàbá ẹ ní àlejò lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Mo bu ẹran méjì fún un. Mo dá ìgbálẹ̀ padà bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ó ti di ọjọ́ kẹjọ tó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó rántí.”

“Kí ló dé tẹ́ ò lọ mú un wá?”

Ó gbójú sókè. Kò bínú. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú.

“Ìwọ lo ní o rí i,” ó ní. “Mo ro ó pé bóyá mo bu méjì, tí òun náà tún bu tiẹ̀, kí n má ti kà á dáadáa. Mo ní ọmọ mi ọkùnrin kì í purọ́. Ìwọ lo ní o rí i.”

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè ní mi ò rí i, pé pápá ni mo wà. Ìyá mi mi orí, ó sì ń mì ín lọ, kò dúró. A jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó mi fi ti ẹnu iṣẹ́ dé, tó tan iná fóònù sí wa lójú, tó bi wá pé ta ló kú.

Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fi orúkọ àbúrò mi sẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ ohun kan wò, ó sì sọ pé òun ti bá mi sùn lórí ibùsùn kan fún ọdún mọ́kànlá, ẹni yìí sì wà láàárín wa, òun ò mọ̀. Ó bínú sí mi. Ó ṣì ń bínú sí mi díẹ̀ títí di ìsinsìnyí, mi ò sì bá a jà.

Lọ́jọ́ kejì mo pe dókítà, mo ní kó bá wa ṣí ìwé wa, pé mo ní ohun kan láti tún ṣe níbi tí mo ti ní kò sí. Ó gbọ́ mi dópin. Ó béèrè bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sanra, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ìkúùkù náà pàápàá. Ó ní ìkúùkù yẹn, òun ò lè ṣàlàyé rẹ̀, àwọn ohun kan wà tí kò tíì yé àwọn. Ṣùgbọ́n ebi tí àbúrò mi ní ó ń pa òun, òótọ́ ni. Ti ọmọ mi náà, òótọ́ ni. Ó ní kí a kọ́kọ́ gbà á gbọ́ ná, kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi, mo sì sunkún nídìí ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ ojú wò.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, a jókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sídìí tábìlì. Ìyàwó mi ti bu oúnjẹ sínú àwo kálukú láti ilé ìdáná, ó ní kí a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ nípa bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ. Mo ti ju ìgbálẹ̀ náà nù. Mo sọ fún ọmọ mi pé mo ní àbúrò kan rí, pé orúkọ tí ìyá àgbà ń pè é ní ilé ìdáná, orúkọ ẹni yẹn ni, kì í ṣe tirẹ̀, ìyá àgbà ò sì ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní ebi máa ń pa ẹni yẹn bó ṣe ń pa òun, a ò gbà á gbọ́, a sì ṣe é níkà. Ìyá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun ò ní fún ọmọ náà ní ohunkóhun mọ́ ní orúkọ ẹlòmíràn.

Ọmọ mi jẹun lọ títí ó fi ku ẹran kan. Kò tíì ṣẹ́ ohunkóhun kù sínú àwo rí láti ọjọ́ tó ti lè di ṣíbí mú. Ó wo ẹran náà.

“Ṣé àbúrò yín ti yó báyìí?” ó bi mí.

Mo wo ìyá mi, ìyá mi wò mí. Ìyàwó mi gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Ọmọ mi ronú sí i. Ìkúùkù rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, lábẹ́ ìhà, ó sì fi ọwọ́ kejì rọra ti àwo náà síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, sí apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó.

“Èmi ò tíì yó,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé e fún un.”

Ìyá mi ló dìde gbé àwo náà. Ó gbé e dé àárín yàrá, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí.